Àtẹ̀gùn Kẹjọ

Ère sìmẹ́ǹtì ni Babáṣọlá ń mọ ní Ìsọlọ̀: kìnnìún ẹnu géètì, áńgẹ́lì orí sàréè. Lọ́dún 1975, nígbà tí owó epo ń ya wọ̀lú, ẹgbẹ́ àwọn ológun tó ti fẹ̀yìntì ní kó mọ ère ìrántí sí oríta kan lọ́nà Òkè-Afá, fún àwọn ọmọ àdúgbò méje tí ogun abẹ́lé gbé lọ.

Ó mọ sójà tó tẹrí ba, tó dorí ìbọn kodò. Bí sójà ṣe ń dúró nìyẹn tí wọ́n bá ń sin ara wọn. Kò jẹ́ kí ojú rẹ̀ jọ ti ẹnikẹ́ni, kí ìyá kọ̀ọ̀kan lè rí ọmọ tirẹ̀ níbẹ̀. Lábẹ́ ère, ó da àtẹ̀gùn, orúkọ ẹnì kan lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orúkọ méje. Àtẹ̀gùn mẹ́jọ.

Ti ìsàlẹ̀ pátá kò ní orúkọ. Ti Dúrósinmí ni, àkọ́bí rẹ̀. Táòfíkì, tí òun àti ọmọ náà jọ wà lójú ogun, ti wá bá Babáṣọlá ní 1971. Ó ní ìṣojú òun ni Dúró ṣubú létí odò, wọn ò sì rí òkú gbé. Babáṣọlá bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ́ kí Àrìnkẹ́, ìyàwó òun, gbọ́. Ìwé kankan ò ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá, obìnrin náà sì ń retí ọmọ rẹ̀. Láti ìgbà náà, Babáṣọlá ò rí ibi sunkún sí. Wọn kì í jẹ́ kí òbí mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí; òun ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ da sàréè ọmọ tirẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ wá gba iṣẹ́ tó ti parí ní oríta náà, Àrìnkẹ́ gbé omi wá fún wọn. Alága wọn, Bàbá Ògúndélé tó ja ogun Hítílà, yí ère náà po.

"Babáṣọlá, sójà yìí ń tòògbé ni?"

"Ó ń sin ẹnìkejì rẹ̀ ni, sà."

Bàbá ṣí fìlà. Lẹ́yìn náà ló fi ọ̀pá ka àtẹ̀gùn.

"Mẹ́jọ kẹ̀? Ta ló tún kú tí a ò gbọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àrìnkẹ́ ò rẹ́rìn-ín. Ẹnu ọkọ rẹ̀ ló ń wò.

"Mo ṣì í kà ni, sà."

"Ẹ ò rí i bí sìmẹ́ǹtì ṣe pọ̀ nílùú tó! Bíríkìlà ò ka nǹkan mọ́. Fọ́ ọ kúrò, jàre."

Babáṣọlá mú òòlù. Sìmẹ́ǹtì náà ti gan. Ó lù ú títí ó fi fọ́ tán, kò sinmi, torí tó bá gbójú sókè, wọn á rí omi lójú rẹ̀.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ, Àrìnkẹ́ sún mọ́ ọn.

"Bàbá Dúró, ẹ kì í ṣì nǹkan kà."

Babáṣọlá gbé òòlù sílẹ̀.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Táòfíkì."

"Nígbà wo?"

Ó sọ ọdún náà. Àrìnkẹ́ ò ké. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àfọ́kù.

"Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń lọ pàdé rélùwéè ní Òṣòdì, pé Dúró á bọ́ sílẹ̀. Ẹ ń wò mí."

Babáṣọlá na ọwọ́ sí i kó lè dìde. Àrìnkẹ́ ní kó má fọwọ́ kan òun.