Ta Ló Fún Un?

Góòlù! Gbogbo ilé ké lẹ́ẹ̀kan náà. Láti àjà kẹta dé ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ kilẹ̀, ẹnì kan ń lu ìkòkò ní bálíkónì, ajá ilé kejì sì ń gbó. Nínú gbogbo ariwo yẹn, obìnrin àgbàlagbà tí mo jókòó tì kò mira. Àtẹ ẹ̀wà wà lórí itan rẹ̀. Ìka rẹ̀ ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà náà, ó ń sọ wọ́n sínú agolo mílíìkì tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀: kò, kò. Ó dúró títí ariwo fi rọlẹ̀ díẹ̀, ó wá yíjú sí mi.

“Ta ló fún un?”

“Opiréétọ̀ ni, Mà.”

“Ó kú iṣẹ́,” ló wí sí tẹlifíṣọ̀n, bí ẹni ń kí aládùúgbò tó ń kọjá lójú fèrèsé, ó sì padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀.

Màmá Ìsàlẹ̀ ni gbogbo wa ń pè é, nítorí pé fúláàtì ìsàlẹ̀ ló ń gbé nínú ilé alájà mẹ́ta tí àwọn òbí mi ti háyà fúláàtì kan ní Festac. Kò bá wa tan. Ṣùgbọ́n ìyá mi máa ń pẹ́ dé láti ibi iṣẹ́, bí mo bá sì ti ilé-ìwé dé, ilẹ̀kùn Màmá ni mò ń kàn. Òórùn róòbù àti káńfọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi, lẹ́yìn náà òórùn ẹ̀pà tó ń yan lórí sítóòfù. Mo ń lọ bí ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí èyí bẹ̀rẹ̀.

Opiréétọ̀ tẹlifóònù ló jẹ́ kó tó fẹ̀yìntì. Ó sọ fún mi pé láyé ìgbà tí òun ń ṣiṣẹ́, bí ará Èkó bá fẹ́ bá ará Kánò sọ̀rọ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Òun yóò fa okùn kan yọ, òun yóò kì í bọ ihò mìíràn, òun yóò wí pé, “Ẹ máa sọ̀rọ̀,” òun yóò sì yọ ara òun kúrò níbẹ̀.

“Ẹni tí wọ́n bímọ fún á hó yèè, ẹni tí bàbá rẹ̀ kú á bú sẹ́kún,” ló wí. “Kò sẹ́ni tó ń rántí pé ẹnì kan ló so wọ́n pọ̀.” Kò bínú bó ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀rín ló ń rín.

Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ń gbé ní ìlú kan ní Ítálì. Òun ló ra tẹlifíṣọ̀n ńlá fún un, òun ló ní kí wọ́n gbé díìṣì sórí òrùlé. Màmá wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú náà. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ló ń wò; ojú ọmọ rẹ̀ ló ń wá láàrin èrò ìwòran. Kò rí i rí. Ohun tó rí ni ọmọkùnrin tín-ín-rín kan, ará Kroéṣíà, tó ń gbá àárín.

Ọmọ náà kì í sáré púpọ̀. Kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á ti wo ọ̀tún, á ti wo òsì. Bó bá dé, á fẹsẹ̀ kàn án lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì péré, ẹlòmíràn á ti máa bá a sáré lọ, òun fúnra rẹ̀ á sì ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni pé kò sí níbẹ̀.

“Wò ó,” ni Màmá wí, ó sì na ìka sí i. “Iṣẹ́ mi ni ọmọ yìí ń ṣe.”

Láti ọjọ́ yẹn ló ti sọ ọ́ ní Opiréétọ̀. N kò rò pé mo gbọ́ kó pe orúkọ rẹ̀ gan-an ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ.

Àwọn ará ilé fi Màmá ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Bọ̀dá kan tó ń gbé lókè, tó ń lọ sí yunifásítì, máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá wo bọ́ọ̀lù bí orílẹ̀-èdè méjì bá ń gbá. Ní ọjọ́ tí Opiréétọ̀ wọ ẹ̀wù ìlú rẹ̀, èyí tó ní igun pupa àti igun funfun bí ojú ọpọ́n dúráàfù, tó sì fún ẹnìkejì rẹ̀ ní bọ́ọ̀lù tó di góòlù, Bọ̀dá fò sókè, ó ń pe orúkọ ẹni tó gbá a wọlé. Màmá béèrè ẹni tó fún un.

“Ah, Màmá! Àwa ń wo ẹni tó jẹ góòlù, ẹ̀yin ń wá ẹni tó fún un.”

“Ìwọ ni tìẹ,” ni Màmá dá a lóhùn, “bí wọ́n bá ti gbé oúnjẹ síwájú rẹ, ṣé o máa ń béèrè ẹni tó sè é? Àwo lo máa ń lá.”

Ẹ̀rín pa gbogbo wa. Bọ̀dá pàápàá rẹ́rìn-ín, ó sì na ọwọ́ sí ẹ̀pà.

Lẹ́yìn bí ọdún mẹ́ta, ẹgbẹ́ kan ní Jámánì ra Opiréétọ̀. Ọmọ Màmá ṣì wà ní Ítálì, ṣùgbọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n, Màmá bá Opiréétọ̀ kó lọ sí Jámánì. Nígbà tí ìyá mi fi í ṣẹ̀fẹ̀, ó ní, “Ìyàwó, èyí tí mo bí máa ń jẹ́ kí oṣù kan kọjá kó tó pè mí. Èyí tí mi ò bí kì í pa Sátidé jẹ.”

Àsìkò yẹn ni ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Àìsàn ojú kan ń jẹ ìríran rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Ó ní ó dà bí ẹni tó ń yọjú wo ayé láti ihò kọ́kọ́rọ́, ihò náà sì ń kéré sí i. Dókítà ti sọ fún un pé èyí tó ti lọ kò ní padà. Ó gba ọ̀rọ̀ náà, ó gbé àga rẹ̀ sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó sì pè mí.

“Yá mi lójú rẹ,” ló wí.

Kò fẹ́ kí n máa sọ ibi tí bọ́ọ̀lù wà. Ariwo èrò á sọ ìyẹn fún un. Ibi tí Opiréétọ̀ wà ló fẹ́ mọ̀. Níbo ló dúró? Ta ló ń wò? Ta ló ṣí sílẹ̀ tí kò tíì rí? Báyìí ni mo ṣe kọ́ láti máa wo ẹni tí bọ́ọ̀lù kò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìyàwó mi máa ń sọ pé mò ń wo bọ́ọ̀lù bí ẹni ń wá ọmọ tó sọnù.

Ohun kan ṣoṣo ni Màmá ń tọrọ. Ó fẹ́ kí ojú òun má tíì kú tán kí Opiréétọ̀ tó gbá bọ́ọ̀lù ìkẹyìn. “A jọ ń fẹ̀yìntì ni,” ló wí. “Kí n ṣáà rí i délé.”

Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà tí orúnkún Opiréétọ̀ yẹ̀. Bàbá mi máa ń mú ìwé ìròyìn eré ìdárayá bọ̀ láti Mazamaza, níbi tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà, inú ìwé ìròyìn náà ni mo ti kà á pé ara rẹ̀ ti yá, ó sì ti padà, ṣùgbọ́n ọmọdé kan ti gba ipò rẹ̀. Orí bẹ́ńṣì ni yóò máa jókòó. Mo ká ìwé ìròyìn náà, mo kì í bọ abẹ́ ibùsùn mi. N kò mọ bí n ó ṣe sọ fún Màmá.

Nítorí náà, n kò sọ. Ní Sátidé yẹn, mo jókòó tì í, mo sì gbé Opiréétọ̀ wọ pápá láti ẹnu ara mi. Mo ní ó wà lápá òsì. Mo ní ó ti na ọwọ́, ó ń béèrè bọ́ọ̀lù. Èdè Jámánì ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń sọ, èmi àti Màmá kò sì gbọ́ ọ̀kan níbẹ̀, ọkàn mi balẹ̀. Sátidé kejì, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ẹ̀kẹta, irọ́ náà dùn mọ́ mi lẹ́nu débi pé, nígbà tí góòlù wọlé, mo kígbe pé Opiréétọ̀ ló jẹ ẹ́.

Ìka Màmá dúró lórí ẹ̀wà. Òkúta kò já sínú agolo mọ́.

“Ta ló fún un?” ló béèrè.

N kò tíì ronú dé ibẹ̀.

“Ọgbọ̀n ọdún,” ni Màmá wí, ohùn rẹ̀ kò sì le rárá, “ni mo fi ń gbọ́ orúkọ ènìyàn lórí wáyà tó ń dún pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ bí epo gbígbóná. Hausa, Ìgbò, Òyìnbó, kò sí ẹni tí á pe orúkọ tí mi ò ní gbọ́. Sátidé mẹ́ta nìyí, wọn ò pe orúkọ ọmọ yìí lẹ́ẹ̀kan. Níbo ló wà?”

“Orí bẹ́ńṣì, Mà.”

“Ojú rẹ ni mo yá,” ló wí. “Mi ò yá ẹnu rẹ.”

Ìtìjú bò mí. Mo rò pé á ní kí n máa lọ sókè. Dípò bẹ́ẹ̀, ó rọra dá ọwọ́ padà sínú ẹ̀wà. “Ó dáa. Kí ló ń ṣe lórí bẹ́ńṣì?”

Mo ní láti wò ó dáadáa, nítorí ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fi í hàn. Mo sọ fún un pé tówẹ̀lì wà léjìká rẹ̀. Pé ó dìde dúró, ó ń fi ọwọ́ han ọmọdé tó gba ipò rẹ̀ pé kó wo apá ọ̀tún. Pé ọmọdé náà wò ó, ó sì gbá a síbẹ̀.

Inú Màmá dùn ju ìgbà tí mo ń purọ́ lọ. “Ó ṣì ń so wọ́n pọ̀!” ló wí. “Ó ń fẹ̀yìntì, kò fi ẹ̀rọ sílẹ̀!”

Ọjọ́ ìkẹyìn náà dé ní ọ̀sán Sátidé kan. Mo kà á sí i létí láti inú ìwé ìròyìn pé bọ́ọ̀lù ìkẹyìn Opiréétọ̀ nìyẹn, mi ò fi nǹkan kan pamọ́. Ó wọ búbá tó mọ́, ó ní kí n gbé àga òun débi tí orúnkún òun á fi kan tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó ku díẹ̀ kí eré parí, wọ́n gbé Opiréétọ̀ wọlé, gbogbo pápá sì dìde fún un. Màmá na ọrùn.

“Mo rí nǹkan dúdú kan tó ń sáré. Òun nìyẹn, àbí?”

Ì bá rọrùn fún mi láti ní bẹ́ẹ̀ ni. “Rárá, Mà. Rẹfirí ni.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀wà fi dà sílẹ̀ lórí itan rẹ̀. Mo ṣì wà nílẹ̀ tí mò ń ṣà á nígbà tí mo gbójú sókè, tí mo rí i tí Opiréétọ̀ wo ọ̀tún, tó wo òsì, tó sì fi ẹsẹ̀ ti bọ́ọ̀lù gba àárín ènìyàn méjì kọjá. Ọmọdé tó gba ipò rẹ̀ ló bá a níwájú, ó sì gbá a wọlé. Ilé wa kò hó. Kò sẹ́ni tó ń wo eré yẹn lókè.

“Ta ló fún un?”

“Òun ni, Mà.”

“Ojú rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀, àbí ẹnu rẹ?”

“Ojú mi ni, Mà.”

Ó gbé ọwọ́ sókè pé kí n dákẹ́. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ pe orúkọ náà, ó tún un pè. Màmá mirí. “Mo gbọ́ ọ,” ló wí. “Ó kú iṣẹ́.” Ó ní kí n pa tẹlifíṣọ̀n, kí n lọ gbé ẹ̀wà kaná.

Oṣù kẹjọ nìyí tí ìyàwó mi ti kú. Kó tó kú, ní ọ̀sán ọjọ́ tí mo jáde láti yàrá dókítà rẹ̀, ó béèrè ohun tí wọ́n wí lọ́wọ́ mi. Kò lè gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí mọ́. Ẹnu mi ti ṣètò ọ̀rọ̀ dídùn kan sílẹ̀. Mo jókòó, mo sì sọ ohun tí dókítà wí gan-an fún un, pé kò sí ìwòsàn mọ́. Ó ní, “Ó dáa. Jẹ́ ká máa lọ sílé.” Ọ̀sẹ̀ méje la lò pọ̀ sí i, nílé wa ní Raji Rasaki Estate. Òun a dùbúlẹ̀ sí bálíkónì, èmi a máa sọ ẹni tó ń kọjá lójú títì fún un. Bí ọmọbìnrin wa bá dé láti ilé-ìwé, á ka ìwé sí i létí. Ìyá rẹ̀, tó ti dijú, á máa tún ibi tó bá ti ṣì í kà ṣe. Kò fi ọjọ́ kan fo ìyẹn.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ náà gba ẹ̀bùn ìwé kíkà níwájú gbogbo òbí. Olùkọ́ rẹ̀ bọ̀ mí lọ́wọ́. “Dádì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ tọ́ ọ dáadáa.” Mo dúpẹ́. Bí a ti ń rìn bọ̀ nílé, tó ń fi ẹ̀bùn rẹ̀ lu itan, mo gbọ́ ìbéèrè Màmá Ìsàlẹ̀ ní etí mi, pẹ̀lú òkúta tó ń já sínú agolo.

“Ìyá rẹ ni,” ni mo wí.

“Dádì, kí lẹ sọ?”

“Mo ní ó kú iṣẹ́.”