Òòlù Tó Ń Pẹ́ Dé

Lẹ́yìn tí mo gba licence, ìwé ẹ̀rí yunifásítì, nínú ìṣirò lọ́dún 2008, oṣù mẹ́jọ ni mo fi wá iṣẹ́ tí n kò rí. Bàbá mi ní kí n lọ bá àbúrò òun ní Cotonou, kí n máa bá a ta páàtì ọkọ̀. Mo ní orin ni mò ń ṣe.

Ó ní, "Ó dáa. Kí Àjíǹde tó dé, jẹ́ kí n gbọ́ ọ̀kan tó parí. Bí mo bá gbọ́ orin nínú rẹ̀, wàá dúró."

Òun ni olórí akọrin ní ìjọ wa ní Koumassi tí à ń gbé, solfa ló sì fi tọ́ wa dàgbà. N kò lè sọ pé kò mọ ohun tó ń sọ.

Tẹ́kínò minimale ni mò ń ṣe, ìyẹn orin tí kọ̀ǹpútà ń lù, tí ohùn inú rẹ̀ kò pọ̀, tó sì ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe ọgbọ́n ló mú mi yàn án. Kọ̀ǹpútà àlòkù tí mo ní kò lè gbé ju ohùn mẹ́ta lọ. Bí mo bá fi ẹ̀kẹrin kún un, yóò dákú. Inú rẹ̀ sì ti kún, nítorí náà orí iṣẹ́ àná ni mò ń tọ́jú ti òní sí, ti àná á sì parẹ́. Mo gbà nígbà náà pé àìní yìí ń kọ́ mi láti ronú. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀ fún oṣù kan tàbí méjì.

Ohùn mẹ́ta náà ni ìlù kan tó rinlẹ̀, ariwo bíi ti táyà tó ń jò, àti òòlù àwọn tôlier tó ń na irin ọkọ̀ lẹ́yìn ilé wa.

Ní Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde, mo pe bàbá mi. Ó jókòó sórí ibùsùn mi, ó ń fi ìka ka ìlù lórí orúnkún títí orin náà fi parí.

"Èyí kọ́."

"Papa, òun nìyí."

"Èyí tó ń ti ara ògiri wá lọ́jọ́rú ńkọ́? Mò ń fá irùngbọ̀n, díẹ̀ ló kù kí n gé ara mi." Ó rẹ́rìn-ín. "Òòlù rẹ̀ ń pẹ́ dé. Bíi ti àwọn ìyá tó ń kọ áltò. Gbogbo ìgbà ni mò ń bá wọn jà, ṣùgbọ́n bí wọn ò bá wá, orin yẹn kú nìyẹn."

Lọ́jọ́rú, etí ni mo fi gbé òòlù náà síbẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀ mo rí i lójú kọ̀ǹpútà pé kò bọ́ sórí ìlà tó pín àkókò orin, mo sì to gbogbo rẹ̀ gún.

"O tún un ṣe?"

"Ó ti yẹ̀ lórí ìlà, Papa."

"Dá a padà nígbà náà."

"Kò sí níbẹ̀ mọ́."

Ó ní òun fún mi di ọjọ́ Ajé.

Mo fa òòlù náà sẹ́yìn díẹ̀, mo tún fà á, mò ń kọ iye rẹ̀ sínú ìwé. Bí bàbá mi bá ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà, yóò dúró gbọ́.

"Ó sún mọ́ ọn?"

"Rárá, ọmọ mi."

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé mo rí ohun tó burú ju pé n kò rí i mọ́ lọ. Lọ́jọ́bọ̀, àṣìṣe nìkan ni mo rí níbẹ̀. Bí mo bá tilẹ̀ kan ibi tí òòlù náà wà gan-an, n kò ní mọ̀. Ẹlòmíràn ni yóò máa sọ fún mi. N kò tíì rí ohun tó fi hàn pé irọ́ ni èrò yẹn.

Ó wọlé ní ìrọ̀lẹ́, ó ní ká tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ní kó pe àbúrò rẹ̀ ní Cotonou. Ó mú fóònù jáde, kò tẹ nǹkan kan, ó kàn ń wò mí. Bóyá ìbá fún mi ní ọdún kan sí i bí mo bá bẹ̀ ẹ́.

Mo tún sọ pé kó pè é.