Ẹni Tó Ya Fọ́tò Ìlà Búrẹ́dì

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ọlọ́ládé. Ìwé ló gbé e dé Padova nílẹ̀ Italy, ìmọ̀ nípa àwòrán ló sì kà níbẹ̀. Nígbà tó parí, ó ríṣẹ́ sí ilé àfihàn àwòrán kékeré kan ní Torino: òun ló ń mú àwọn àlejò káàkiri, tó ń ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń wò fún wọn. Iṣẹ́ náà tẹ́ ẹ lọ́rùn, títí di ìgbà tí àwọn àwòrán Ilinca dé.

Ọmọ Romania ni Ilinca, Udine ló ń gbé. Láyé ìjọba kọ́múníìsì nílùú wọn, àwọn ọlọ́pàá inú a máa fara pamọ́ ya fọ́tò àwọn ará ìlú. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ni Ilinca ń wá kiri. Á fi ọ̀dà yà á ní ńlá, á wá fi ọ̀dà funfun bo ojú gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀.

"Wọ́n ti fi fọ́tò mú wọn lẹ́ẹ̀kan," ló máa ń wí. "Wọn ò ní tún fi mú wọn mọ́."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá arúgbó kan wọlé, ó lọ dúró síwájú àwòrán tó tóbi jù, níbi tí èrò ti tò síwájú ilé búrẹ́dì nínú yìnyín. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ọlọ́ládé sún mọ́ ọn.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Ṣé kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún yín?"

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Èmi ni mo ya fọ́tò yẹn, ọmọ mi. Inú mọ́tò ni mo jókòó sí."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í nàka sí àwọn ojú funfun náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dárúkọ wọn. Olùkọ́ lèyí. Ẹ̀wọ̀n lèyí kú sí. Obìnrin tó gbọ́mọ dání yẹn, Domnica ni.

Jìnnìjìnnì bo Ọlọ́ládé. Kó tó ṣísẹ̀ sẹ́yìn, bàbá ti yọ fóònù, ó ti ya fọ́tò Ọlọ́ládé náà.

"O ṣeun," ló wí, ó sì jáde.

Ọlọ́ládé pe Ilinca lórí fóònù, ó ròyìn gbogbo rẹ̀.

"Orúkọ wo ló pe obìnrin yẹn?"

"Domnica."

Ilinca ní, "Ìyá mi nìyẹn. Èmi ni ọmọ ọwọ́ náà. N ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí."

Ó wọ ọkọ̀ ojú irin wá ní ọjọ́ kejì. Àwọn méjèèjì jókòó de bàbá náà títí ilẹ̀ fi ń ṣú, kò wá. Ọlọ́ládé sin Ilinca dé stazione, ibùdókọ̀ ojú irin. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn ibi iṣẹ́ láàárọ̀, fọ́tò kan wà nílẹ̀: òun àti Ilinca, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Wọn ò kọ ohunkóhun sí i.

Ọlọ́pàá tó mú un lọ bá yí i síwá sẹ́yìn. "Signora, fọ́tò lásán nìyí."

Adéfẹ́mi, ọkọ Ọlọ́ládé, ní kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Bó ṣe ń rò ó lọ́wọ́ ni Ilinca pè é.

"Ṣé o rántí ojú rẹ̀?"

"Mi ò lè gbàgbé ẹ̀."

Ó lọ sí Udine. Ó ń ṣàpèjúwe ìpéǹpéjú tó wálẹ̀ àti ẹ̀rín jẹ́jẹ́ yẹn, Ilinca ń yà á. Kò fi ọ̀dà funfun kankan bò ó. Nígbà tó parí, bàbá náà ló jókòó sínú mọ́tò nínú àwòrán náà, tòun ti kámẹ́rà lọ́wọ́, tó tẹjú mọ́ wọn.

Ilé àfihàn kan ní Brescia ni wọ́n gbé àwòrán náà kọ́ sí báyìí. Àwọn tó ń wò ó ní ó jọ bàbá oníwà tútù kan. Ẹnikẹ́ni ò tíì wá béèrè rẹ̀. Ọlọ́ládé ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Torino, ṣùgbọ́n tó bá wọ tram, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú, ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ló ń wá, níbi tí èèyàn kankan ò ti lè jókòó sẹ́yìn rẹ̀.