Ẹ̀wù Tó Mu Omi Yó

Ìtòsí Èbúté Ìkòròdú ni mò ń gbé, ohun tó sì ń bí mi nínú níbẹ̀ láràárọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Tí èrò bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, wọn á fún olúkúlùkù ní láífù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tó yẹ kó gbé èèyàn léfòó tí ọkọ̀ bá dànù. Ẹnìkan á tẹ́ tirẹ̀ sábẹ́ ìdí nítorí pé àga tutù, kí ṣòkòtò rẹ̀ má baà rẹ. Ẹlòmíràn á fi kọ́ ọrùn láì so okùn rẹ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọn á ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, Ọlọ́run ń bẹ." Ọlọ́run ń bẹ lóòótọ́, òun náà ló fún wa lọ́pọlọ. Fóòmù tí èèyàn ń jókòó lé lójoojúmọ́ á tẹ́ pẹlẹbẹ, kò ní lè gbé adìyẹ mọ́, ká má tíì sọ èèyàn.

Mi ò kàn ń sọ̀rọ̀ lásán. Ọmọ ẹni tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ni mí, ilé wa ní Ẹ̀pẹ́ kò jìnnà sí ọ̀sà rárá. Bàbá mi kan ọkọ̀ títí apá ọ̀tún rẹ̀ fi kọ̀ láti gòkè kọjá èjìká. Nínú gbogbo àwa ọmọ, èmi nìkan ni mo máa ń bá a ti òwú bọ àárín pákó, tí màá sì fi ọ̀dà lé e kí omi má baà rí ọ̀nà wọlé. Àwọn kan ń bi mí pé kí ni obìnrin ń wá nídìí ọkọ̀. Èmi náà máa ń bi wọ́n bóyá omi ń béèrè ẹni tó jẹ́ obìnrin kó tó gbé e lọ.

Bàbá ní òfin kan tí kì í yẹ̀. Ẹni tó bá dí ọkọ̀ ni yóò kọ́kọ́ jókòó sínú rẹ̀ lójú omi, kí wọ́n tó gbé e fún ẹni tó ni ín. Tí omi bá máa wọlé, ìdí ẹni tó ṣe é ni yóò kọ́kọ́ rẹ. Àìmọye ìgbà ni mo ti jókòó bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ oníbàárà, tí Bàbá dúró létí omi tó ń bi mí pé, "Ṣé o gbẹ?" Lóde òní, wọn á fi pọ́tì dí pákó tó ti jẹrà, wọn á fi ọ̀dà búlúù bò ó, wọn á gbowó, wọn á gba ilé wọn lọ. Tí mo bá rántí, ara mi á máa gbóná.

Ọkọ̀ kékeré kan wà lábẹ́ igi màngòrò nínú ọgbà wa, onígbòkun ni. Ìgbà tí Bàbá ṣì lágbára ló kàn án fúnra rẹ̀. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì gbòde, kò sẹ́ni tó tún béèrè ọkọ̀ tó ń dúró de afẹ́fẹ́, ni wọ́n bá dojú rẹ̀ délẹ̀. Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá, Bàbá pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Mo fẹ́ jókòó sínú ọkọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n tó di ẹni tí wọ́n ń gbé." Mo ní ó dáa, àmọ́ mo fi àdéhùn kan sí i: tí kò bá sí láífù jákẹ́ẹ̀tì tó dáńgájíá lọ́rùn rẹ̀, kò ní fẹsẹ̀ kan omi. Ẹni tí apá rẹ̀ kan kò ṣiṣẹ́ kò lè lúwẹ̀ẹ́. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, ẹ̀wù yẹn nìkan ló wà láàárín òun àti ikú.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń gbé nínú ilé náà, òun ló sì ń tọ́jú ọkọ̀. Ìtọ́jú tirẹ̀ ni pé ọdọọdún ló ń kun ún. Mo ha ọ̀dà náà kúrò, mo sì fi àtàǹpàkò tẹ pákó ìsàlẹ̀. Àtàǹpàkò mi wọlé bí ẹni tẹ búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti kun òkú láti ọjọ́ yìí."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣebí ó ń wu èèyàn wò?"

"Ẹ wá fẹ́ kí Bàbá wọ ohun tó ń wu èèyàn wò lọ sórí ọ̀sà? A kì í fi iná sórí òrùlé sùn o."

"Ìbínú ò da nǹkan fún ni," ló fi dá mi lóhùn. Ó kúkú bá mi gbé pákó tuntun.

Àfi bí mo ṣe béèrè láífù jákẹ́ẹ̀tì méjì tí mo ti rà sílé tipẹ́. Ọ̀kan wà nínú ọ̀rá rẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù, kò tíì rí oòrùn. Èkejì wà lórí bẹ́ńṣì ìta, ẹ̀gbọ́n mi ti sọ ọ́ di tìmùtìmù àlejò. Ó ti tẹ́ bí àkàrà tí wọ́n jókòó lé. Ó ní gbogbo ẹni tó jókòó lé e ló ń yìn ín. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ náà, mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Èyí tó le nínú ọ̀rá, mo mú un fún ara mi, torí mo rò pé ara àgbàlagbà kò ní gbà á. Mo gbé èyí tó tẹ́ lọ sí Benson ní Ìkòròdú, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó máa ń rán kúṣìn àga. Mo ní kó yọ fóòmù inú rẹ̀, kó fi òmíràn sí i, kó rí i pé ó rọ̀, torí bàbá arúgbó ló fẹ́ wọ̀ ọ́. Ọkùnrin náà ṣiṣẹ́ ọ̀hún bí ẹni ṣe ti ara rẹ̀. Òwú ìlọ́po méjì ló fi rán an. Bàbá wọ̀ ọ́ ní pálọ̀, ó fọwọ́ tẹ àyà rẹ̀, ó ní ó rọ̀ bí ibùsùn. Inú mi dùn.

Ọkọ̀ pákó tó ti pẹ́ lórí ilẹ̀ máa ń gbẹ, àárín pákó á sì yà. A kì í gbé e lọ tààrà. A máa ń rì í sínú omi tí kò jìn, a ó fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí pákó mu omi yó, kó wú, kó fún mọ́ra. A rì í. Bàbá wá ní, "Kó àwọn ẹ̀wù yẹn náà wá, so wọ́n mọ́ ọn."

"Ẹ̀wù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán, Bàbá?"

"Ṣebí omi náà ni wọ́n ń lọ."

Mo ń kùn, mo so wọ́n mọ́ ọn. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, tèmi ń léfòó lórí omi bí igbá. Mi ò rí ti Bàbá. Okùn rẹ̀ nà tààrà lọ sísàlẹ̀. Mo fà á títí ó fi yọ, ó wúwo bí tìmùtìmù tí òjò pa, omi ń dà lára rẹ̀ ṣọ̀ọ̀. Ẹ̀rù bà mí, ìbínú sì tẹ̀ lé e kíá.

Mo ká a sínú àpò, mo wọ mọ́tò lọ sí Benson, ó ń ro sí mi lẹ́sẹ̀ títí a fi débẹ̀. Mo da ọ̀rọ̀ bo ọkùnrin náà lójú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó jẹ́ kí n parí.

Ó ní, "Màmá, fóòmù ibùsùn tó dára jù ni mo fi sí i. Ẹ ní kó rọ̀."

"Ṣé ẹ ò mọ̀ pé ti omi ni?"

"Ẹ ò dárúkọ omi, mà. Ọ̀ṣun ni mo ti wá, mi ò wọ ọkọ̀ ojú omi rí. Mo rò pé ẹ̀yìn ló ń dun bàbá."

Mo ronú padà sẹ́yìn. Lóòótọ́, mi ò dárúkọ omi. Síbẹ̀ mo ṣì ń kùn bí mo ṣe ń jáde, torí mi ò mọ ibi tí màá gbé ìbínú náà sí.

Ní Ẹ̀pẹ́, àwọn apẹja máa ń gé àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì tó ti gbó, wọn á so ó mọ́ àwọ̀n kó lè máa léfòó. Kì í mu omi. Mo ṣa sílípáàsì jọ, mo fọ̀ wọ́n, mo gé wọn, ọkùnrin Benson sì rán wọn sínú ẹ̀wù náà. Lọ́tẹ̀ yìí, ìbéèrè tó bi mí kò lóǹkà.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ lọ, ọkọ̀ ti wú, inú rẹ̀ gbẹ táútáú. Mo ti jókòó sínú rẹ̀, Bàbá ti bi mí bóyá mo gbẹ. Mo wá na ẹ̀wù náà sí i. Kò gbà á.

Ó ní, "Ta ló tún un ṣe?"

Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ẹ̀gbọ́n mi tó fi ṣe tìmùtìmù, àti ti ọlọ́gbọ́n orí tó ki ibùsùn bọ̀ ọ́.

"Mo ní, ta ló tún un ṣe?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ṣé o ti jókòó sínú rẹ̀?"

Mo wo ẹ̀wù tó wà lọ́wọ́ mi.

"Ti àkọ́kọ́, èyí tó rì, tí o wọ̀ fún mi ní pálọ̀ ńkọ́?"

Mo wọ ẹ̀wù náà. Ẹ̀gbọ́n mi so okùn mọ́ mi níbàdí, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo rìn wọnú ọ̀sà títí ẹsẹ̀ mi kò fi kan ilẹ̀ mọ́, ni mo bá fẹ́ máa lúwẹ̀ẹ́.

Bàbá pariwo láti etí omi pé, "Má lúwẹ̀ẹ́. Ká apá ọ̀tún rẹ sí àyà."

Mo ká a. Omi gòkè dé àgbọ̀n mi, ẹ̀rù tí mo fẹ́ gbé lé bàbá mi lọ́rùn sì bà mí dáadáa. Omi náà dúró níbẹ̀, kò kọjá àgbọ̀n.

Nígbà tí mo jáde, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Bàbá gba ẹ̀wù náà lọ́wọ́ mi bó ṣe ń ro, ó wọ̀ ọ́, ó ní kí n wá bá òun so okùn rẹ̀.