Omi Kì Í Wọ Ilé Olúsànmí

Wọ́n ní òòyẹ̀ ni Olúsànmí ri màlúù kan mọ́ abẹ́ ilé rẹ̀ ní Ugbuwangue, ní Warri. Wọ́n ní bí òjò bá rọ̀ tí odò kún, tí omi ń ya ilé onílé kiri, bó bá ti dé iwájú ilé Olúsànmí, yóò gbọ́ igbe màlúù náà, yóò kúnlẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, yóò sì yí padà. Ta ló rí omi níbi tó ti kúnlẹ̀? Kò sẹ́ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó sọ ọ́ ló búra pé ẹni tó sọ fún òun kì í purọ́.

Bísí ni ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ lọ́kàn jù. Ọmọ Ìlàjẹ ni, ẹja ló ń yan. Láti ìgbà tó ti fẹ́ ọkọ wá sí Warri, kò tíì sí ọdún tí omi kò wọ yàrá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, obìnrin tó ń gbààwẹ̀ ni, òun ló ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì, aṣọ àdúrà rẹ̀ sì funfun ju òwú lọ. Olúsànmí ńkọ́? Ìkórè nìkan ló ń gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì, ìrẹsì ló sì ń bá wá. Ó ti bá gbogbo àdúgbò jà débi pé kò sẹ́ni tó ń yà sílé rẹ̀ mọ́, ewúrẹ́ ló wá kù tó ń bá jà. Nínú ogójì ilé, tirẹ̀ nìkan ló ń gbẹ!

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, alàgbà wàásù pé kì í ṣe pé àwọn ọmọ Ísírẹ́lì sunwọ̀n ju aráyé lọ ni Ọlọ́run fi yàn wọ́n. Olóríkunkun ni wọ́n. Ó kàn fẹ́ràn wọn ni. Gbogbo ìjọ ṣe àmín, àfi Bísí. Ó kàn fẹ́ràn wọn kẹ̀? Ẹni tí kò gbin àgbàdo tó ń jẹ àgbàdo, oko ẹnìkan ló wọ̀.

Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, òjò dé. Apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan méje wà ní yàrá Bísí, iṣẹ́ oṣù méjì gbáko. Ọjọ́ kejì ni Àbẹ̀kẹ́, ará Ọ̀yọ́ tó ń tajà lọ́jà Okere, máa wá kó wọn. Ẹja yíyan tí omi bá kàn, ìdin nìkan ló kù tí yóò rà á. Ìrọ̀lẹ́ ni omi gun ẹnu ọ̀nà.

"Ìyá Dámisí!" Olúsànmí ló ń pariwo láti ilé rẹ̀. "Ẹ kó ẹja yín wá síbí jàre! Àbí ẹ fẹ́ kó padà sódò ni?"

"A dúpẹ́ o, Bọ̀dá. Ó máa tó dá."

"Òjò yìí?"

Ọmọ Bísí obìnrin, Olúwadámisí, tó ń gbọ́ Yorùbá tó ń fi Pidgin fèsì, gbé ẹsẹ̀ sókè. "Mummy, abeg, make we carry am go. Water don reach my ankle."

"Kí màlúù wá jẹ ẹ́?"

"Cow dey chop fish?"

 Ohun kan ṣoṣo ló ń ba Bísí lẹ́rù: bí ẹja òun bá sùn lórí ohun tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ yẹn, òun náà ti di alájọjẹ. Ṣùgbọ́n omi kan ìdí apẹ̀rẹ̀. Ó gbé ọ̀kan karí, ó fi àdá há abíyá. Bó ṣe ń la koríko kọjá lọ sílé Olúsànmí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wúwo. Ó rò pé nǹkan náà ló ti ń fà á lẹ́sẹ̀.

Olúsànmí ti ká bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kúrò kí ẹja lè ráyè. Ìyẹn gan-an ló wá dá kún ìfura. Kí ló ń ṣe é tó fi ń ṣe dáadáa?

Nígbà tí apẹ̀rẹ̀ keje wọlé, Bísí yọ àdá. "Bọ̀dá, kí ló wà lábẹ́ ilé yìí?"

Olúsànmí wo àdá, ó wo Bísí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ti màlúù? Ẹ gbẹ́ ẹ o! Bí ẹ bá kan ṣàkì, ẹ bá mi fi se ọbẹ̀."

Bísí bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níta. Àdá dún ṣàkàṣàkà. "Jésù!" Ó fò sẹ́yìn. Dámisí tan iná fóònù. Ìkarahun ìsáwùrú ni. Ó gbẹ́ sí i, ìkarahun. Ó ki ọwọ́ bọ ihò náà dé ìgúnpá, ìkarahun.

"Màmá mi nìyẹn," ni Olúsànmí wí, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ìsáwùrú ni wọ́n tà títí wọ́n fi kú. Ibí ni wọ́n ń da ìkarahun sí. Wọ́n ní kí n bá wọn gbé agbọ̀n kan péré, mo ní ó ń rùn. Mo máa ń bú wọn gan-an ni. Nígbà tí òkìtì rẹ̀ ga tán, wọ́n kọ́lé lé e, wọ́n ní èmi làwọn kọ́ ọ fún."

"Pẹ̀lú èébú yẹn?"

"Pẹ̀lú èébú yẹn."

"Kí lẹ wá ṣe fún wọn?"

"Kí ni mo ṣe? Ọmọ wọn ni mí."

Bísí fi àdá wọn ibẹ̀ láti orí ìkarahun dé etí omi. Ẹsẹ̀ bàtà méjì ni ilẹ̀ ilé Olúsànmí fi ga ju ti àdúgbò tó kù lọ.