Abẹ́rẹ́ Tí Làmídì Gbà Lórúkọ Mi

Nígbà tí mo fẹ́ jẹ búrẹ́dì láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ní Nombakélé, àdúgbò tí a ń gbé ní Libreville, ẹnu mi kò là tó. Mo rò pé eyín ni. Mo fi ìka tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó le bí ọmọ ọlọ.

Ràbí ìyàwó mi wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. “Bàbá Ṣadé, ẹnu yín tí kì í dákẹ́, kí ló tì í pa lónìí?”

Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò kúrò lójú mi mọ́. Ètè mi fà sẹ́yìn, ó dúró bẹ́ẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí.

Àwọn ọdún tí owó epo ń ṣàn ní Libreville, olú-ìlú Gabon, ni. Mo ti kàwé ní yunifásítì nílé kí n tó lọ síbẹ̀, mo sì ń tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí fún ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé kan. Títí di òní, ọkàn mi ṣì máa ń fà sí ìgbà yẹn: afẹ́fẹ́ òkun, fèrè táksì láti Nkembo, Faransé àti Nàgó, ìyẹn Yorùbá tiwa, tí a ń lù pọ̀ mọ́ra. Ṣùgbọ́n bí mo bá rò ó jìnnà, ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ni mo máa ń bá pàdé.

Oṣù mélòó kan ṣáájú ọjọ́ Àìkú yẹn, irin gún òṣìṣẹ́ wa kan, ipá sì pa á. Ipá ni àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní tẹ́tánọ́ọ̀sì. Inú ilẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé. Ojú egbò ló ń gbà wọlé, oró rẹ̀ a sì máa fa iṣan ara le títí èèyàn kò fi ní lè mí. Ilé-iṣẹ́ bá kéde pé dandan ni kí gbogbo wa gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ̀ẹ̀mejì, pẹ̀lú oṣù kan láàárín. Ẹni tí kò bá ní òǹtẹ̀ nínú káàdì rẹ̀ kò ní wọ ẹnu ọ̀nà.

Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ níbi tí a ti ń jẹun ọ̀sán. Àwọn kan ní oògùn náà ń sọ ọkùnrin di akúra. Àwọn kan ní àwa àjèjì ni wọ́n fẹ́ fi dán an wò. Dókítà ìjọba sọ lórí rédíò pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì ti fọwọ́ sí i. Èmi tí wọ́n ń pè ní Pùròfẹ́sọ̀ dìde.

“Ìwé ìfọwọ́sí náà dà? Ta ló kà á nínú yín? Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni wọ́n rà, wọn ò ra ẹ̀jẹ̀ mi!”

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Bàbá kan tó ń po sìmẹ́ńtì nìkan ló ní, “Pùròfẹ́sọ̀, ṣé ìṣó ń gbọ́ gírámà?”

N kò tíì ka ìwé kankan tó sọ pé oògùn náà kò dára. Ọ̀rọ̀ náà kàn dùn lẹ́nu mi ni.

Nígbà tí ọjọ́ pé, n kò fẹ́ pàdánù iṣẹ́, n kò sì fẹ́ kí àwọn tó pàtẹ́wọ́ rí mi lórí ìlà. Làmídì, káfíńtà ará Kétu tí a jọ ń gbé inú àgbàlá kan náà, tí a sì jọ ń ṣiṣẹ́, ní kí n fọkàn balẹ̀. Káàdì náà kò ní fọ́tò, ó sì ti mọ́ àwa àjèjì lára láti máa yá ara wa ní ìwé. Làmídì tò láàárọ̀ lórúkọ tirẹ̀, ó tún tò lọ́sàn-án lórúkọ tèmi. Apá rẹ̀ méjèèjì wú.

“Ẹ̀gbọ́n, òsì ni tèmi, ọ̀tún ni tiyín. Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ṣé kò dùn yín jù?”

A rẹ́rìn-ín. Lóṣù kejì, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìṣó tó ti dógùn-ún gba ìsàlẹ̀ bàtà gún mi lẹ́sẹ̀. Mo fi omi iyọ̀ wẹ̀ ẹ́, mo gbàgbé rẹ̀. Ojú egbò náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jiná kí ẹnu mi tó dì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú yẹn, ọrùn mi ti le. Ràbí àti Làmídì gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn. A pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì. Ọmọ ọwọ́ kan ké, ẹ̀yìn mi sì tẹ̀ bí ọrun, bí ẹni pé wọ́n ń fa okùn láti gìgísẹ̀ mi dé àtàrí. Òógùn mi ń kán sílẹ̀.

Dókítà kan, obìnrin, wo ẹnu mi, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wá ṣí káàdì mi. Ó ní ó jọ ipá, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba abẹ́rẹ́ méjì kì í sábà ní in; ó ṣeé ṣe kó jẹ́ eyín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìwé pé kí n lọ rí oníṣègùn eyín lọ́jọ́ kejì.

Mo ṣì lè sọ̀rọ̀ láti àárín eyín mi. N kò sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá mọ̀ pé irọ́ ni káàdì mi, iṣẹ́ lọ, ìwé ìgbélùú sì bá a lọ. Mo ń sọ fún ara mi pé bóyá eyín ni lóòótọ́.

Làmídì bọ́ síwájú. Ó sọ ọ́ ní Faransé: “Màdáàmù, kì í ṣe òun. Èmi ni mo gbà á. Òun ò gba ẹyọ kan.” Ó sọ orúkọ ara rẹ̀, ó sọ orúkọ ilé-iṣẹ́ wa. Ó wá yíjú sí mi. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Òkú kì í lọ síbi iṣẹ́.”

Dókítà náà ya ìwé ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n fún mi ní oògùn tó ń pa oró ipá, wọ́n la egbò náà, wọ́n fọ̀ ọ́. Wọ́n gbé mi sí yàrá tó ṣókùnkùn, nítorí ìmọ́lẹ̀ lásán lè fa iṣan mi le. Rọ́bà tí wọ́n kì bọ imú mi ni wọ́n fi ń fún mi lóúnjẹ. Mo gé ahọ́n ara mi jẹ. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ràbí kò sọ̀rọ̀ sókè létí mi.

Ilé-iṣẹ́ gbọ́. Wọ́n lé Làmídì kí n tó lè jókòó. Nígbà tí mo gbádùn, mo lọ bá ọ̀gá, mo ní èmi ni mo rán an. Kò gbójú sókè. Ó ní ẹni tó tò lórúkọ ẹlòmíràn ni òfin mú, ọ̀rọ̀ sì ti parí. Kí n padà sẹ́nu iṣẹ́ mi. Mo sì padà.

Kí ẹ mọ̀: ipá tó ṣe èèyàn lẹ́ẹ̀kan kò ní kó má tún ṣe é. Nítorí náà mo gba abẹ́rẹ́ tèmi, lójú gbogbo wọn. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́.

Ṣáájú kí Làmídì tó wọ ọkọ̀ ojú omi padà sí ilé, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún un, èmi tí mo jù ú lọ. Ó gbé mi dìde. “Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yìn yín ò tíì dá tó fún ìyẹn.”

Mo ti darúgbó báyìí. Bí mo bá ń yán láàárọ̀, mo máa ń jẹ́ kí ẹnu mi là dé ibi tó lè là dé. Mo máa ń dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ni ojú máa ń tì mí.