Alàájì Dín-in-kù àti Ọ̀nà Inú Oko Danjuma

Ebè iṣu mọ́kànlá ni Alàájì Abdulmumini bà jẹ́ lọ́jọ́ tí bíréèkì kẹ̀kẹ́ rẹ̀ já lórí Òkè Sóbì. Danjuma tó ni oko ní mẹ́tàdínlógún ni. Alàájì ní mẹ́jọ ni. Mọ́kànlá ni wọ́n jọ fẹnu kò sí, ohun tí gbogbo àdúgbò Gàmbàrí ní Ìlọrin sì fi ń rẹ́rìn-ín títí dòní ni pé Alàájì ṣì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kẹ̀kẹ́ lórí ikùn rẹ̀, ẹsẹ̀ kan nínú ebè, ní gbogbo ìgbà tó fi ń ná an. Kẹ̀kẹ́ ológeere là ń wí o, èyí tí wọ́n fi táyà ńlá sí nítorí òkè àti òkúta, kì í ṣe ti àwọn tó ń gbé èrò l'Ọ́jà-Ọba.

"Mo kà wọ́n," ni Danjuma wí. Ó di ọkọ́ mú, kò sì jọ ẹni tó fẹ́ gbé e sílẹ̀. "Mẹ́tàdínlógún."

"Màlàmù, ṣé ẹ ka eléyìí tí mo jókòó lé mọ́ ọn?"

"Mo kà á."

"Kò tíì bàjẹ́. Mo ṣì wà lórí ẹ̀. Ẹ jẹ́ n dìde ná, ká tó mọ̀."

"Ẹ dìde nígbà náà."

"N ò ní dìde títí ẹ ó fi yọ ọ́ kúrò."

Olúṣọlá, olùkọ́ yunifásítì kan tí òun àti Alàájì jọ ń gun kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ náà, sáré sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè pẹ̀lú èrò pé òkú lòun yóò bá. Ọjà ló bá. Wọ́n ti yọ ebè tí Alàájì jókòó lé. Wọ́n yọ méjì tí Alàájì ní òjò ló wó wọn, wọ́n sì tún yọ mẹ́ta nítorí Ànábì. Ìgbà yẹn ni Alàájì tó gbà kí wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ kúrò lórí òun.

Ó fi ọ̀sẹ̀ méjì wá kọ ebè mọ́kànlá náà padà. Gbogbo ebè rẹ̀ ló wọ́, Danjuma sì ní láti tún wọn kọ. Lọ́sẹ̀ kẹta, Alàájì jókòó tì í lábẹ́ igi kajú, ó ní ibi tí òun gbà ṣubú yẹn, ẹlòmíràn yóò gba ibẹ̀ ṣubú, torí ibẹ̀ ni òkè náà ń da èèyàn sí. Kí Danjuma má wulẹ̀ kọ ebè síbẹ̀ mọ́, kó fi í sílẹ̀ bí ọ̀nà, kí àwọn ebè yòókù lè ní àlàáfíà. Danjuma rò ó títí, ó ní òótọ́ ni. Ìgbà tí Alàájì ti lọ tán ló tó yé e pé ẹni tó ba oko òun jẹ́ ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ òun.

Bó ṣe ń ṣe nìyẹn, kò sì sí ohun tí kò lè ná. Fìlà ló fi ogójì ọdún tà l'Ọ́jà-Ọba kó tó gbé ṣọ́ọ̀bù fún ọmọ rẹ̀ obìnrin, Nabeelah. Wọ́n sọ ọ́ ní Dín-in-kù, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju èyí tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ. Nabeelah máa ń sọ pé bàbá òun kò ra nǹkan kan rí láyé rẹ̀, ṣe ló ń gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ gan-an, nílé ìwòsàn ló ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga, kó máa rìn fún wákàtí kan lójoojúmọ́. Alàájì ní ogún ìṣẹ́jú. Dókítà ní wákàtí kan. Alàájì ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, òun yóò sì fi búrẹ́dì sílẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀.

"Alàájì, ara yín mà ni," ni dókítà wí.

"Mo mọ̀. Tí kì í bá ṣe tèmi, n ò ní ná an."

Nígbà tó fi máa jáde níbẹ̀, ó ti sọ wákàtí méje ọ̀sẹ̀ kan di wákàtí mẹ́ta ní Sátidé nìkan, lórí ìjókòó kẹ̀kẹ́.

Hamzah, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Gàmbàrí, ni olórí àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Sóbì ní gbogbo Sátidé lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Ó ní ẹnikẹ́ni tí kò bá dé akoto kò ní tẹ̀ lé àwọn. Alàájì ní òun kò lè ṣí fìlà lóde. Wọ́n fà á títí oòrùn fi yọ. Níkẹyìn, fìlà wà nísàlẹ̀, akoto wà lókè, Alàájì sì ga ju gbogbo wọn lọ. Ìyá oníwàrà kan lójú ọ̀nà bi í pé èló ni ìkòkò tó rù sórí. Alàájì dúró, ó ti dá iye kan lé e kó tó rántí pé akoto ni.

Ọ̀nà Sóbì yẹn kì í ṣe ọ̀nà ẹni tó ń kánjú. Gbòǹgbò igi dábùú rẹ̀, òkúta ń yí lábẹ́ táyà, ibì kan sì wà tí àgbàrá gbẹ́, tó jẹ́ pé ẹni tí kò bá gbé ìdí kúrò lórí ìjókòó kó ti ara sẹ́yìn, orí ni yóò fi sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n fa kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́. Alàájì kì í sọ̀. Wọ́n máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ níwájú, tó ń bá àwọn òkúta sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kọjá lẹ́ẹ̀kan yìí, òun yóò sọ̀ kalẹ̀ fún wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ohun kan náà ni yóò tún sọ.

Bí wọ́n bá ti la àwọn òkúta yẹn já, oko Danjuma nìkan ni wọ́n lè gbà délé. Ọ̀gbun wà lápá ọ̀tún, àbàtà wà lápá òsì. Bí oko bá dí, kò sí Sátidé mọ́ nìyẹn, àfi kí wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká kí wọ́n padà gun òkè. Danjuma mọ èyí dáadáa. Ó ní ìlérí ọdún kan lòun ṣe, kì í ṣe títí ayé. Nítorí náà, lọ́dọọdún, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, yóò kọ ebè bo ọ̀nà náà pátápátá, Alàájì yóò sì tún wá ná an.

Wọn kì í fi owó ná an. Ìbú ọ̀nà ni wọ́n ń ná. Danjuma yóò ní àtẹ́lẹwọ́ kan, Alàájì yóò ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ọ̀nà rárá, Alàájì yóò ti béèrè ìyá Danjuma, yóò béèrè àwọn ìyàwó, yóò béèrè ewúrẹ́ tó ṣàìsàn lọ́dún tó kọjá, oòrùn yóò sì máa pa àwọn tó kù. Lọ́dún kan Alàájì ní òun kò ná mọ́, ó sì yí kẹ̀kẹ́ padà, ó ń fà á lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró kí wọ́n pe òun. Danjuma ò pè é. Alàájì ń lọ, ó ń lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdí òkè.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ pè é," ni Olúṣọlá wí.

"Ó ṣì lè rìn dé ibi àpáta yẹn," ni Danjuma dáhùn.

Ẹsẹ̀ méjì ààbọ̀ ni wọ́n parí rẹ̀ sí lọ́dún yẹn. Alàájì kò gba ẹsẹ̀ mẹ́rin rí ní gbogbo ọdún mẹ́jọ tó fi ná an. Bó bá délé, ó máa ń sọ pé Danjuma le bí àpáta, ojú Alàájì á sì máa dán bí ti ẹni tó jẹun yó.

Ní oṣù Rájábù ọdún tó kọjá, àìsàn dá Alàájì dùbúlẹ̀. Azeezah, nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé àdúgbò Basin, tí òun náà máa ń bá wọn gun kẹ̀kẹ́, ló ń lọ tọ́jú rẹ̀ nílé. Bó bá ní kó lo hóró oògùn mẹ́rin, Alàájì á ní méjì, wọ́n á parí rẹ̀ sí mẹ́rin náà lẹ́yìn ariwo púpọ̀. Lọ́jọ́ Wẹ́sidé kan, Azeezah ní mẹ́rin. Alàájì gbà á, ó gbé gbogbo rẹ̀ mì, kò ná an. Azeezah jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sọkún, torí ó ti mọ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n sin ín.

Danjuma wá síbi àdúrà fìdáù Alàájì. Ó jókòó sẹ́yìn, ó sì lọ. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ó kọ ebè bo ọ̀nà náà bó ṣe máa ń ṣe.

Olúṣọlá, Hamzah àti Azeezah dúró létí oko, wọ́n ń wo ara wọn. Kò sí ẹni tó bá ọkùnrin yẹn ná nǹkan rí nínú wọn. Olúṣọlá ló ṣáájú, torí ọ̀rọ̀ sísọ ni iṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ oko, Bàbá. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yẹn la bá wá."

"Àtẹ́lẹwọ́ kan," ni Danjuma wí.

"A gbà, Bàbá. Ẹ ṣeun púpọ̀."

Danjuma fi ọkọ́ sílẹ̀. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ gbà kí ni?"

"Àtẹ́lẹwọ́ kan, Bàbá. A ó máa rọra gùn ún."

"Haba. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi sọ àtẹ́lẹwọ́ kan fún Alàájì, wàláì, kò fi ọjọ́ kan gbà á. Ẹ̀yin wá ń gbà á bí ẹni ń gba sàárà. Bó bá gbọ́ èyí, ṣé yóò dùn mọ́ ọn?"

"Ẹ bá wa fi kún un nígbà náà, Bàbá," ni Azeezah wí.

"Mélòó?"

"Iyekíye tó bá wù yín."

Danjuma di orí mú. Ó ní kí wọ́n wá jókòó. Òun náà jókòó lábẹ́ igi kajú, ó kọjú sí ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni, ó sì mú ohùn rẹ̀ lọ sókè bí ti Alàájì.

"Màlàmù, ìyá ńkọ́?" ló wí. Ó dá ara rẹ̀ lóhùn pé ìyá wà. "Orúnkún tó ń dùn wọ́n ńkọ́?" Ó ní ó ti ń lọ sílẹ̀. Ó béèrè gbogbo ilé tán, kò fo ẹnì kan. Lẹ́yìn náà ló tó ní, "Ẹsẹ̀ mẹ́wàá."

"Kò gbà," ni ó fi ohùn ara rẹ̀ dáhùn. "Ẹsẹ̀ kan."

"Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, Màlàmù. Ọ̀nà tóóró ò gbà mí mọ́."

"Ojú yín ń ríran ju tèmi lọ. Ẹsẹ̀ méjì."

"Ta ló ń lé ọ̀bọ lóko yín láti ọdún mẹ́jọ? Ṣebí ariwo wa ni. Ẹ ti san nǹkan kan fún wa rí?"

Danjuma la ẹnu láti dáhùn, ó sì yíjú wo oko rẹ̀ títí dé etí igbó. Ẹ̀rín ti ń gbọ̀n àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó kúrò lẹ́nu wọn.

"Òótọ́ ni," ló wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ sì ti yí. "Ọ̀bọ ò dé ibí mọ́. N ò ronú kan èyí rí. Ọkùnrin yìí ti rẹ́ mi jẹ."

Ó dìde, ó mú ọkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ebè náà fúnra rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ó wọn mẹ́ta, ó dúró, ó sì fi ẹ̀kẹrin lé e. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì fi pamọ́. Ó ní òun kò ní irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́, pé láti oṣù Rájábù lòun ti ń dúró kí ẹnì kan wá bá òun jà lórí ilẹ̀ yìí.

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ni Hamzah wí.

"Ẹ má dúpẹ́," ni Danjuma wí. "Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ní kò tó."

Wọ́n wo ara wọn. Ó kọ́kọ́ ṣòro fún wọn láti sọ. Azeezah ló tó ní ìgboyà.

"Kò tó, Bàbá."

Danjuma mí kanlẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì jókòó padà sábẹ́ igi láti bá wọn ná an.